Bí olùkọ́ ṣe lè kọ àfojúsùn fún lílo ẹ̀rọ nínú kíláàsì: àpẹẹrẹ ilé-ẹ̀kọ́ tó ní fóònù kan ṣoṣo

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́, a máa ń ní kí olùkọ́ kọ ohun tí ó fẹ́ ṣe lọ́dún náà sílẹ̀. Nísinsìnyí tí fóònù ti wọ àpò tolùkọ́ tòbí, gbólóhùn kan wà tí ó rọrùn púpọ̀ láti kọ síbẹ̀: "Lọ́dún yìí, màá lo ẹ̀rọ ìgbàlódé nínú kíláàsì mi." Gbólóhùn náà dùn ún gbọ́. Kò sí olùbẹ̀wò tí yóò bá ẹni tó kọ ọ́ wí. Tí a bá sì bi olùkọ́ náà ní òpin ọdún bóyá ó ṣe é, yóò ní òun ṣe é, nítorí pé lọ́jọ́ kan ó fi fídíò kan han àwọn ọmọ lórí fóònù rẹ̀. Kò purọ́. Ohun tó kọ ló ṣe. Ohun tí ìwé yìí fẹ́ ṣàlàyé ni ìdí tí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò fi tíì di àfojúsùn, àti bí a ṣe lè tún un kọ kí ó lè wúlò fún ọmọ tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, pàápàá ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ̀rọ ibẹ̀ kò ju fóònù olùkọ́ fúnra rẹ̀ lọ. Irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní agbègbè Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Pọ́bẹ̀ àti Àjàṣẹ́ ni mo ní lọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ kan nípa àkọtọ́ kí a tó máa lọ: èyí tó ń fi àmì sábẹ́ lẹ́tà ni mo lò, nítorí pé àwọn òǹkàwé wa ní ìhà méjèèjì ààlà lè kà á láìdúró. Àkọtọ́ tiwa ní Bẹ̀nẹ̀ yóò yọjú nísàlẹ̀, torí pé ó kan ẹ̀rọ gan-an.

Ta ni olùṣe gbólóhùn náà?

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn yẹn bí onímọ̀ gírámà ṣe ń wò ó. Ta ni olùṣe? Olùkọ́ ni. Kí ni ọ̀rọ̀-ìṣe? "Lo" ni. Àbọ̀ ńkọ́? "Ẹ̀rọ" ni. Ọmọ kò sí níbẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ kò sí olùkọ́ kan tó ń kọ ọ́ pé "lọ́dún yìí, màá lo ẹfun ìkọ̀wé." Gbogbo wa mọ̀ pé ẹfun kì í ṣe ibi tí à ń lọ. Ẹ̀rọ nìkan ni à ń gbà láyè kí ó jẹ́ ọ̀nà, kí ó tún jẹ́ ibi tí ọ̀nà já sí, bóyá nítorí pé ó ń dán.

Ní ọdún 1962, Robert Mager, ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí bí a ṣe ń kọ àfojúsùn ẹ̀kọ́. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé, ó sì tàn ká láàárín àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní èdè náà. Ohun mẹ́ta ló ní kí a fi sínú àfojúsùn. Àkọ́kọ́ ni ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe, tí ojú wa yóò rí tàbí tí etí wa yóò gbọ́. Èkejì ni ipò tí yóò ti ṣe é: kí ni yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni kò ní sí. Ẹ̀kẹta ni bí ó ti gbọ́dọ̀ ṣe é dáadáa tó kí a tó gbà pé ó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ìdí nìyí tí kò fi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ bíi "mọ̀" àti "lóye" nínú àfojúsùn. Ojú kì í rí òye. Ohun tí ojú ń rí ni ọmọ tó kàwé, tó kọ nǹkan, tó ṣírò owó ọjà tó sì pé, tó fi ẹnu ara rẹ̀ tún ìtàn sọ.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ Mager ti gbó. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ ti bọ́ sórí ohun tí Faransé ń pè ní approche par compétences, èyí tó fẹ́ kí ọmọ lè kó gbogbo ohun tó kọ́ jọ láti fi yanjú ọ̀ràn kan, dípò kí a máa gé ẹ̀kọ́ sí wẹ́wẹ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò bá a jà, wọ́n sì ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbi tí ẹ̀rọ bá wà: wọ́n ń fi ipá mú wa dárúkọ ọmọ kí a tó dárúkọ ẹ̀rọ.

Ibi tí ẹ̀rọ ti ṣáájú, ibi tí iṣẹ́ ti ṣáájú

Kì í ṣe àwa ni a kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ wọ kíláàsì. Ní ọdún 1971, Côte d'Ivoire bẹ̀rẹ̀ sí í fi tẹlifísọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bouaké ni wọ́n ti ń ṣe àwọn ètò náà. Ètò ńlá ni, owó òkèèrè sì wà nídìí rẹ̀. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n ti pa á tì. Ìdí rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dúró níwájú kíláàsì rí lè rí ọ̀kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un: tẹlifísọ̀n kì í dúró de ọmọ tí kò gbọ́.

Pẹ̀rú ni wọ́n ti wọn irú ọ̀ràn yìí jù. Ìjọba ibẹ̀ pín kọ̀ǹpútà kéékèèké ti ètò One Laptop per Child fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìgbèríko. Àwọn olùwádìí tẹ̀lé ilé-ẹ̀kọ́ 319, wọ́n fi àwọn tó gba kọ̀ǹpútà wé àwọn tí kò tíì gbà, wọ́n sì tẹ àbájáde wọn jáde ní ọdún 2012. Níbi tí kọ̀ǹpútà dé, ó ju ẹyọ kan lọ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, nínú ìṣirò àti èdè, wọn kò rí ìyàtọ̀ láàárín ìhà méjèèjì. Wọ́n rí àǹfààní díẹ̀ nínú ìdánwò ìrònú, a kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn òbí ń retí, pé kí ọmọ mọ ìwé kà kí ó sì mọ ìṣirò, kò yí padà. Kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún olùkọ́ ní pàtó ohun tí ọmọ yóò lè fi ṣe ní ọjọ́ Ajé.

Ẹ wá wo Niger, tó bá wa pààlà níhà àríwá. Ní ìparí àwọn ọdún 2000, nínú ìwádìí kan ní abúlé 113, wọ́n ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkà ní èdè Hausa àti Zarma. Ní àwọn abúlé kan, wọ́n fi fóònù kún ẹ̀kọ́ náà, fóònù lásán tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pín lò. Wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń rí lẹ́tà àti nọ́ńbà lórí rẹ̀, àti bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kí a sì ka èyí tó wọlé. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tó lo fóònù ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú ìwé kíkà àti ìṣirò. Ẹ̀rọ tó kéré jù ti Pẹ̀rú lọ fíìfíì ni, àmọ́ ó ní iṣẹ́ kan tí a fi rán an: kí ènìyàn lè fi èdè rẹ̀ kọ̀wé sí ẹni tó jìnnà.

Bòtìswánà náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan pẹ̀lú nǹkan bí 4,500 ìdílé. Àwọn kan gba àtẹ̀jíṣẹ́ ìṣirò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn mìíràn gba àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà, olùkọ́ sì tún ń pè wọ́n lórí fóònù fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 lọ́sẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan kò mú ìyàtọ̀ tó ṣe é tọ́ka sí wá. Àtẹ̀jíṣẹ́ pẹ̀lú ìpè ló mú un wá. Ẹ̀rọ kan náà ni, fóònù. Ohun tó yàtọ̀ ni pé nínú ìpè, olùkọ́ ń gbọ́ ọmọ.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí ni ẹ jẹ́ kí a gbé dání wọ kíláàsì.

Kíláàsì CE1 kan

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo kíláàsì CE1 kan ní abúlé kan lẹ́bàá Kétu. Ọmọ 48 ló wà níbẹ̀. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé, Faransé ni ìwé wọn. Iná mànàmáná kò dé ilé-ẹ̀kọ́. Olùkọ́ ti ń fi iná sí fóònù rẹ̀ nílé kó tó wá. Fóònù náà lè gba ohùn sílẹ̀, ó sì ní aago tó ń ka ìṣẹ́jú. Kò sí ohun mìíràn.

Kí a tó bi ara wa léèrè ohun tí fóònù lè ṣe, kí ni ìṣòro kíláàsì náà? Olùkọ́ ka ìlà kan, ọmọ 48 gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó tún un kà, wọ́n tún un gbà. Nígbà tó bá fi di ọjọ́ kẹta, ìpínrọ̀ náà ti di orin. Ẹni tó bá ń kọjá lọ lẹ́yìn fèrèsé yóò ní àwọn ọmọ yìí mà mọ̀wé o. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ bo àwòrán tó wà lókè ojú ìwé, kí ẹ fi ìka sí ọ̀rọ̀ kan láàárín ìpínrọ̀, kí ẹ ní, "ka ibí yìí fún mi." Níbẹ̀ ni a ti ń mọ̀ pé àwọn kan ń kàwé, àwọn kan ń kọrin. Èmi kò sọ pé àkàpọ̀ burú. Ọmọ tó ń tijú ń rí ìgboyà nínú rẹ̀, ahọ́n sì ń fi mọ ìró Faransé. Àléébù rẹ̀ ni pé ọmọ lè fara pamọ́ sínú rẹ̀ fún odidi ọdún mẹ́rin, láti CE1 títí dé CM2, kí ìdánwò CEP tó wá tú àṣírí rẹ̀. Nígbà yẹn, ọdún tí à bá fi ràn án lọ́wọ́ ti lọ.

Ìṣòro náà ni pé olùkọ́ kò gbọ́ ohùn ọmọ kọ̀ọ̀kan. Wàyí o, a lè gbìyànjú láti kọ àfojúsùn.

Ẹ̀dà àkọ́kọ́: "Màá máa fi fóònù gba ohùn àwọn ọmọ sílẹ̀." Olùkọ́ ṣì ni olùṣe. Ó lè gba ohùn 48 kí ó má gbọ́ ọ̀kan. Ẹ̀dà kejì: "Àwọn ọmọ yóò mọ Faransé kà dáadáa." Ọmọ ti wọlé, ó dára, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ohun tí "dáadáa" jẹ́? Ẹ̀dà kẹta: "Kí sáà kejì tó parí, ọmọ yóò dá ka ìpínrọ̀ ọ̀rọ̀ 40 tí kò rí rí, sókè, láìsí ẹni tó ń kà á ṣáájú rẹ̀ àti láìsí àwòrán. Kò ní ṣi ju ọ̀rọ̀ 4 lọ, yóò sì fi Yorùbá sọ ohun tó kà." Èyí ni mo gbà ní àfojúsùn. A lè jókòó, kí a gbọ́ ọmọ, kí a ní ó ṣe é tàbí kò ṣe é. Ẹ kíyè sí i pé fóònù kò sí nínú rẹ̀.

"Yóò sì fi Yorùbá sọ ohun tó kà" lè bí ẹlòmíràn nínú. Àwọn òbí wa ṣì rántí signal, ohun tí wọ́n máa ń fi kọ́ ọmọ lọ́rùn nítorí pé ó sọ èdè ilé rẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ọmọ CE1 fi Faransé ṣàlàyé Faransé, nǹkan méjì ni à ń dán wò pọ̀, a kò sì ní mọ èwo ló fà á tó fi dákẹ́: ṣé kò lóye ohun tó kà ni, tàbí ó lóye ṣùgbọ́n kò rí ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ọ́? Yorùbá ń yà wọ́n sọ́tọ̀ fún wa.

Ó kan ìṣirò. Tí ọmọ kan bá gba ìṣẹ́jú 2, ìṣẹ́jú kan fún kíkà, ìkejì fún àlàyé, ọmọ 48 yóò gba ìṣẹ́jú 96. Ó ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ, kò sì sí olùkọ́ tó lè fi ọmọ 47 sílẹ̀ láìníṣẹ́ fún àkókò yẹn. Ṣùgbọ́n tí ó bá jẹ́ ọmọ 4 lóòjọ́, nígbà tí àwọn yòókù ń ṣe iṣẹ́ kíkọ, ìṣẹ́jú 8 ni. Ní ọjọ́ ẹ̀kọ́ 12, gbogbo wọn ti kà. Nínú sáà ọlọ́sẹ̀ 12 tó ní ọjọ́ ẹ̀kọ́ 60, ọmọ kọ̀ọ̀kan lè kà fún olùkọ́ ní ìgbà 5. Ẹ yọ ọjọ́ ọdún, ọjọ́ ìpàdé àti ọjọ́ òjò kúrò, ẹ pè é ní ìgbà 4. Mo gbà pé ìgbà mẹ́rin tí a gbọ́ ọmọ dáadáa ṣàǹfààní ju ọgọ́ta ọjọ́ àkàpọ̀ lọ. Àfojúsùn tí kò bá la ìṣirò yìí já, kí olùkọ́ tètè dín in kù kí oṣù kìíní tó pé.

Nísinsìnyí fóònù lè wọlé, a sì gbọ́dọ̀ bi í léèrè ohun tó wá ṣe. Ṣé olùkọ́ kò lè tẹ́tí sí ọmọ 4 lóòjọ́ láìsí fóònù ni? Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun méjì péré ni fóònù fi kún un. Ọ̀kan, ọmọ CM2 kan tó ní làákàyè lè mú fóònù jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tó fẹ́ kà, kí olùkọ́ máa bá kíláàsì lọ, kí ó sì gbọ́ ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Èkejì ni èyí tó wù mí jù: ohùn oṣù kọkànlá ṣì wà nínú oṣù kẹta. Ọmọ lè gbọ́ ara rẹ̀ nígbà tó ń fa ọ̀rọ̀ ní sílébù sílébù, kí ó sì gbọ́ ara rẹ̀ lónìí. Òbí tí kò kàwé náà lè gbọ́ ọ, kò nílò ìwé èsì tí ẹlòmíràn yóò kà fún un. Bí olùkọ́ kò bá fẹ́ ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì, kí fóònù jókòó sínú àpò. Aago ọwọ́ ti tó.

Ẹ̀wẹ̀, ó yẹ kí a mọ ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ àkọ́kọ́, olùkọ́ kò ní ṣe ju kí ó gbọ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan lọ. Ká ní ọmọ 11 nínú 48 ló lè ṣe ohun tí àfojúsùn wí. Èló ni kí ó kọ fún òpin sáà kejì? Ìwé àṣẹ máa ń fẹ́ kí a kọ "gbogbo wọn". Èmi yóò gba olùkọ́ nímọ̀ràn pé kí ó kọ 30, kí ó sì kọ orúkọ. Ẹni tó kọ 48 tó rí 27 yóò kọ́ bí a ṣe ń kọ irọ́ sínú ìwé. Ẹni tó kọ 30 tó rí 27 yóò wá ọmọ 3 lọ. Ti ọmọ 18 tó kù náà kò ṣe é gbàgbé. Tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bá tíì mọ lẹ́tà yà sọ́tọ̀, gbígba ohùn wọn sílẹ̀ kò wúlò, ó kàn ń tọ́jú ìtìjú wọn ni. Àfojúsùn mìíràn ni tiwọn, pẹ̀lú pátákó àti páálí tí a kọ lẹ́tà sí, kò sì sí ohun tó kan ẹ̀rọ níbẹ̀.

Mo ní láti fi ọ̀rọ̀ ohùn yìí ṣe ọ̀rọ̀ gidi, nítorí pé ohùn ọmọ kì í ṣe ti olùkọ́. Òfin tí a ń pè ní Code du numérique, nọ́ńbà 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, ní apá kan lórí ìdáàbòbò ohun tó jẹ́ ti ènìyàn fúnra rẹ̀, Bẹ̀nẹ̀ sì ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó o, APDP. Kódà bí òfin kò bá sí, ẹ fojú inú wo ọmọ tí ohùn rẹ̀, níbi tó ti ń kólòlò lórí ìwé, dé orí WhatsApp abúlé kí ó tó délé. Kí olùkọ́ sọ fún àwọn òbí ní ìpàdé àkọ́kọ́. Kí wọ́n gbà. Kí ohùn má kúrò lórí fóònù náà. Kí a pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ ní òpin ọdún. Ìlà kan ni èyí yóò gbà nínú ìwé àfojúsùn, àmọ́ kí ó wà níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́

Ibì kan wà tí ohun tí mo ti ń sọ gbọ́dọ̀ yí díẹ̀: níbi tí ohun tí à ń kọ́ jẹ́ lílo ẹ̀rọ náà gan-an. Kíkọ Yorùbá lórí fóònù jẹ́ ọ̀kan. Àwọn ọmọ CM1 wa yóò máa kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn láìpẹ́, bí wọn kò bá tíì bẹ̀rẹ̀. Ohun tó kù ni bóyá èdè wọn yóò ní ìrísí nínú ohun tí wọ́n ń kọ.

Ẹni tó kọ́ ìwé ní èdè Faransé yóò tètè rí ìṣòro náà. Lórí kíbọ́ọ̀dù AZERTY, é, è, à àti ù wà ní ṣẹpẹ́. Ó, ò, á àti ú kò sí bẹ́ẹ̀, ẹ àti ọ kò sí rárá. Ẹni tí kò ní sùúrù yóò fi àmì sórí e, yóò fi o sílẹ̀ ní ìhòòhò. Lẹ́yìn náà ni ti àkọtọ́. Láti ọdún 1975 ni Bẹ̀nẹ̀ ti ní álífábẹ́ẹ̀tì kan fún àwọn èdè orílẹ̀-èdè, èyí tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 1990 àti 2008: ɛ àti ɔ ló ń lò níbi tí Nàìjíríà ti ń lo ẹ àti ọ, ó ń kọ sh dípò ṣ, ó ń kọ kp dípò p. Ọmọ Kétu ń rí méjèèjì, ọ̀kan nínú ìwé ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ìkejì nínú Bíbélì àti ìwé orin tó ti Nàìjíríà wá. Fún ẹ̀rọ, lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Nínú Unicode, nọ́ńbà ɛ ni 025B, nọ́ńbà ẹ ni 1EB9. Ẹ́, tó ní àmì lókè tó tún ní nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹ ni a ń kọ, a ó wá gbé àmì ohùn lé e. Ìdí nìyí tí àmì náà fi máa ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí fóònù mìíràn, tí ọ̀rọ̀ méjì tó jọra lójú wa sì lè yàtọ̀ lójú ẹ̀rọ nígbà tí a bá ń wá a.

Nítorí náà, àfojúsùn àkọ́kọ́ níhìn-ín jẹ́ ti olùkọ́ fúnra rẹ̀: kí ó tó fi kọ́ ọmọ, yóò ti fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sórí fóònù rẹ̀ (Gboard ti Google ní ọ̀kan tó ń lo ẹ àti ọ), yóò sì ti fi kọ ojú ìwé kan láìfo àmì kankan. UNESCO ní àkójọ ohun tí olùkọ́ yẹ kó lè ṣe pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ti ọdún 2018 ní agbára 18 nínú. Ó wúlò fún ìjọba tó fẹ́ ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n àkójọ tó wà fún gbogbo ayé kò lè mọ̀ pé olùkọ́ Kétu gbọ́dọ̀ yan láàárín ɛ àti ẹ kó tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Kí ó yan ọ̀kan, kí ó kọ ọ́ sínú àfojúsùn rẹ̀. Èmi yóò ní kí ilé-ẹ̀kọ́ Bẹ̀nẹ̀ máa fi àkọtọ́ Bẹ̀nẹ̀ kọ̀wé kí àwọn ọmọ sì mọ méjèèjì kà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan nínú ẹ̀ka wa kò gbà, a ṣì ń jiyàn lé e.

Ti àwọn ọmọ wá lè kà báyìí: "Ní òpin sáà kẹta, ọmọ méjìméjì yóò kọ gbólóhùn 5 tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àgbà kan nílé, pẹ̀lú àmì ohùn, ọmọ tí kò sí níbẹ̀ yóò kà á sókè, àgbà náà yóò sì gbà pé ohun tí òun sọ nìyẹn." Mo fẹ́ràn ìwọ̀n yìí, nítorí pé kì í ṣe olùkọ́ ni adájọ́. Bí bàbá àgbà bá sọ̀rọ̀ ọkọ́ tó fi ń roko, tí ọmọ kọ "oko" tàbí "ọkọ", tí ẹni tó ń kà á wá sọ ọkọ́ di ọkọ ìyàwó, gbogbo ilé ni yóò rẹ́rìn-ín, ọmọ náà kò sì ní béèrè mọ́ pé kí ni àmì ohùn wà fún.

Níhìn-ín pẹ̀lú, fóònù kan fún ọmọ 40 kò lè tó. Bí wọ́n bá jẹ́ méjìméjì, ó di ìdì 20; ìdì kan yóò gba bí ìṣẹ́jú 15 láti tẹ gbólóhùn 5. Wákàtí 5 nìyẹn. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tán, kí olùkọ́ wò ó, kí wọ́n tó fọwọ́ kan fóònù. Kí ìdì 2 sì tẹ tiwọn lọ́sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ 10 ni. Sáà kẹta kì í sábà gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ìdì àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní òpin sáà

Ohun tí olùkọ́ yóò kọ sínú ìwé rẹ̀ kò pọ̀. Ọmọ mélòó ló lè ṣe é, pẹ̀lú orúkọ. Ọjọ́ mélòó ni fóònù kò ṣiṣẹ́, tàbí tí ó wà lọ́wọ́ ìyàwó tàbí ọkọ olùkọ́ tó rìnrìn-àjò. Kí ni a ṣe lọ́jọ́ náà: ṣé ọmọ 4 ṣì kà, tàbí a fi wọ́n sílẹ̀? Ìlà kẹta yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ wá tí wọ́n bá fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ hàn mí. Bí kíkà bá dúró ní ọjọ́ tí bátìrì kú, ẹ̀rọ ti gba ipò iṣẹ́ nìyẹn, kí a tún àfojúsùn kọ.

Bákan náà ni kí ó kọ ọjọ́ tí yóò pa á tì. Tí ọmọ kan bá ti kà fún un ní ìgbà 3 tí nǹkan kò yí padà, ìgbà kẹrin lórí fóònù kò ní yí i padà. Kí ọmọ náà wá jókòó níwájú, kí olùkọ́ fi ìka sí lẹ́tà pẹ̀lú rẹ̀. Tí ọmọ 30 bá ti lè dá kà, àwọn náà kò nílò fóònù mọ́, kí a fún wọn ní ìwé tí wọn kò tíì kà. Ní ti olùdámọ̀ràn tó ń bẹ kíláàsì wò, bí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ wúlò níbẹ̀, kí ó má ṣe béèrè pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ hàn án. Kí ó ní kí olùkọ́ dárúkọ ọmọ kan tí kò lè kàwé ní oṣù kọkànlá, kí ó pe ọmọ náà síwájú, kí ó sì ṣí ìwé kan tí kò sí ẹni tó ti kà á rí ní kíláàsì náà.